Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, káàdì gráfíìkì wo ló lè wọ OptiPlex 7010 kékeré?

Ayàwòrán_Sábọ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí ọjà Sábọ̀. Fọ́tò ayẹyẹ, káàdì ìpè ìgbéyàwó àti bánà ìsìnkú la ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò làwọn oníbàárà ń bèèrè báyìí. Dell OptiPlex 7010 tòkunbọ̀ ni mo ń lò, èyí kékeré tó máa ń dùbúlẹ̀ lábẹ́ mọ́nítọ̀ yẹn. Core i5-3470 ló wà nínú rẹ̀, ráàmù 8GB, Windows 10. Tí mo bá gbé fídíò ìgbéyàwó wákàtí kan sínú DaVinci Resolve, ètò tí mo fi ń tún fídíò ṣe, ṣe ló máa ń dúró gbagidi. Mo lè tẹ bọ́tìnnì, kí n lọ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, kí n jẹ ẹ́ tán, kó tó dáhùn.

Ẹnìkan tó ń ta ọjà ní Ìkẹjà ní òun ní káàdì gráfíìkì GTX 1060 6GB. Ó ní kò sí dẹ́sítọ́ọ̀pù tí kì í gbà á. Mo ti kówó jọ, mo sì fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ?

Ẹlẹ́rọ_Ágíríìkì

Àbúrò, má tíì lọ. Fi owó ẹ sápò ná.

GTX 1060 yẹn, wáàtì 120 ló ń jẹ. Ihò tí a ń ki káàdì bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, wáàtì 75 ló pọ̀ jù tó lè fún káàdì. Ìyókù gbọ́dọ̀ ti inú páwà páàkì wá, látorí wáyà 6-pin. Páwà páàkì 7010 kékeré, wáàtì 240 ni, kò sì ní wáyà 6-pin kankan. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi í sílẹ̀. Ó tún wá ku ọ̀kan: káàdì yẹn ga. Kéèsì tìẹ, káàdì kúkúrú ló ń gbà, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní low profile. Tó o bá gbé 1060 délé, ìdérí kéèsì ò ní pa dé.

Ihò gan-an kì í ṣe ìṣòro ẹ. Bọ́ọ̀dù 7010 ní ihò gígùn méjì, búlúù ni ọ̀kan, dúdú ni èkejì. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n ọ̀nà 16 ni dátà ń gbà nínú búlúù, ọ̀nà 4 péré ló wà nínú dúdú. Mo ti rí ẹni tó ki káàdì bọ dúdú, tó wá ń pariwo pé wọ́n ta ayédèrú fún òun. Káàdì náà ò ṣe nǹkan kan. Búlúù ni kó o lò.

Ní ti ọjọ́ orí, má bẹ̀rù. PCI Express (PCIe) ni orúkọ irú ihò yẹn. Ti ayé àtijọ́ ń gba káàdì tuntun, ti tuntun náà ń gba àtijọ́. Eré ló kàn máa ń dín kù. Ìran kẹta Intel ni i5-3470, nítorí náà PCIe 3.0 lo máa rí. Ẹni tó bá ní OptiPlex 790 tàbí 990, tí prọ́sẹ́sọ̀ ìran kejì wà nínú rẹ̀, 2.0 ló máa rí. Kódà tí wọ́n bá ki prọ́sẹ́sọ̀ ìran kejì bọ inú 7010, 2.0 ló máa padà dà. Kì í ṣe bọ́ọ̀dù nìkan lẹ máa wò.

Ìyá_Ìbejì_Kọ̀ǹpútà

Ẹ kú iṣẹ́, Ẹlẹ́rọ. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ni mo ní lójú ọ̀nà Ìgbógbó. Ohun tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n má gba orúkọ tó wà lára kéèsì gbọ́. Tòkunbọ̀ ni gbogbo ohun tí à ń lò níbí. Mo ti ra èyí tí wọ́n kọ 7010 sí lára, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀dù 790 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi pàápàá ò mọ̀.

Ayàwòrán, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ msinfo32, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Ẹ máa rí ìlà BaseBoard Product, orúkọ tàbí kóòdù bọ́ọ̀dù yín nìyẹn. Ẹ wo BIOS Version/Date (BIOS ni ètò kékeré inú bọ́ọ̀dù tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbéra), kẹ́ ẹ mọ ọdún tí wọ́n ti tún BIOS ṣe kẹ́yìn. Ìlà BIOS Mode náà wà níbẹ̀, yóò kọ UEFI, ìyẹn ọ̀nà ìgbéra tuntun, tàbí Legacy, ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: bí Windows yín ṣe gbéra ni ìlà yẹn ń sọ, kì í ṣe gbogbo ohun tí bọ́ọ̀dù lè ṣe. Ẹlòmíì rí Legacy níbẹ̀, ó rò pé bọ́ọ̀dù òun ò mọ UEFI rárá, tó jẹ́ pé ẹni tó fi Windows sí i ló yàn án bẹ́ẹ̀.

Ní ti Dell, Service Tag wà lára kéèsì, lẹ́tà àti nọ́ńbà 7. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé ìrànlọ́wọ́ Dell lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò fi bí wọ́n ṣe kó o jáde láti ilé iṣẹ́ hàn yín. Ẹ fi wé ohun tí msinfo32 sọ. Tí méjèèjì bá yàtọ̀, ẹnìkan ti tú u rí.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ṣí i. Kò sí ohun tó dà bíi kí ojú ẹni rí i. Ẹ ka ohun tó wà lára páwà páàkì, ẹ wo ihò búlúù bóyá eruku tàbí ìpẹta wà níbẹ̀, ẹ wọn àyè tó wà láàárín ihò náà àti ohun tó kọjú sí i. Káàdì mìíràn nípọn, fáànù rẹ̀ ń gba àyè ihò méjì, ó lè wá lọ kan páwà páàkì. Sẹ̀ńtímítà ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ọmọ_Ẹ̀bútẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ ra wáyà kékeré tó ń sọ wáyà SATA di 6-pin, ẹ sá. Mo ṣe é ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mọ́ṣíìnì tèmi kì í ṣe kékeré bíi ti Ayàwòrán, èyí tó ga ni, mo wá rò pé bí àyè ti wà, gbogbo ẹ̀ ti parí nìyẹn. Wáyà SATA tí hard disk fi ń gba iná, nǹkan bíi wáàtì 54 ni ìlà 12V rẹ̀ lè gbé. Ẹnu 6-pin, káàdì lè fa wáàtì 75 níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣiṣẹ́ tó ń wù mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ń gbọ́ òórùn bí ìgbà tí ọ̀rá bá ń jó. Nígbà tí mo ṣí i, ẹnu wáyà náà ti yọ́ mọ́ra, ó ti dúdú. Ọmọ mi ń sùn ní yàrá kejì. Ọlọ́run ló yọ wá.

Ẹlẹ́rọ_Ágíríìkì

Ẹ kú ewu, Ọmọ Ẹ̀bútẹ́. Ẹ̀yin tó ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn.

Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ pé òun á kúkú pààrọ̀ páwà páàkì: ó ṣeé ṣe nínú àwọn kan. OptiPlex 7010 tó ga, èyí tó ń dúró, ẹnu 24-pin tí gbogbo ayé ń lò ló ní, páwà páàkì ọjà lásán máa wọ̀ ọ́. Nígbà tí wọ́n dé 3020, 7020 àti 9020, Dell yí i padà sí ẹnu 8-pin tiwọn. HP náà ṣe bẹ́ẹ̀ lára EliteDesk 800 G1, 6-pin ni tiwọn. Ẹ máa nílò wáyà àyípadà fún bọ́ọ̀dù kó tó lè bá páwà páàkì ọjà mu. Ti Ayàwòrán kékeré yìí ò tiẹ̀ ní àyè fún un rárá. Wáàtì 75 lọ sísàlẹ̀ ni tiẹ̀, láìsí wáyà kankan lẹ́yìn.

Ayàwòrán_Sábọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo dúpẹ́ pé mo bèèrè. Mo pe ẹni tó ń tà á, ó ní kò burú, òun ní GT 1030 kúkúrú, òun sì ní RX 6400, pé èyí jẹ́ tuntun ju 1060 lọ. Ó ní kí n mú èyíkéyìí. Èwo ni kí n mú?

Tíṣà_Imota

Méjèèjì máa wọlé, méjèèjì máa tàn, àmọ́ kò sí èyí tó máa ṣe iṣẹ́ tó o torí ẹ̀ ń ra káàdì nínú wọn. Jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa, torí pé orí kókó yìí lowó ń ṣòfò sí jù.

GT 1030, wáàtì 30 ni, ó tutù, kò ń yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà lábẹ́ orúkọ kan náà. Èyí tó jáde lọ́dún 2017 ní mẹ́mọ́rì GDDR5. Lọ́dún 2018 wọ́n gbé òmíràn jáde tó ní DDR4. Ti GDDR5 ń gbé dátà 48GB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti DDR4 kò tó 17GB. Páálí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, orúkọ wọn bára mu, nǹkan bí ìdá mẹ́ta ni DDR4 fi ní nínú agbára mẹ́mọ́rì èkejì. Ẹni tí kò bá ka lẹ́tà kékeré ara páálí, DDR4 ló máa gbé lọ sílé.

Kódà ká ní GDDR5 lo rí, GT 1030 ò ní ẹ̀yà tí NVIDIA fi ń ká fídíò pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní NVENC. Nígbà tó o bá ń gbé ìgbéyàwó jáde sí H.264, irú fídíò tí wọ́n ká pọ̀, káàdì náà máa jókòó ni, prọ́sẹ́sọ̀ ẹ tó ti rẹ̀ ló máa ru gbogbo ẹrù.

RX 6400 ńkọ́? Ọdún 2022 ló jáde, wáàtì 53, ó sì lágbára ju 1030 lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ọ̀nà 4 péré ló fi ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, bó o tilẹ̀ ki í bọ ihò ọ̀nà 16. PCIe 4.0 ni wọ́n ṣe é fún. Lórí 3.0 tìẹ, ìdajì eré ọ̀nà yẹn ló kù, lórí 2.0, ìdá mẹ́rin ni. Wọ́n tún yọ ẹ̀yà tó ń ká fídíò kúrò nínú òun náà. Ó dára fún ọmọ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà. Ìwọ, fídíò lò ń ṣe.

Tó bá jẹ́ èmi, GTX 1050 Ti 4GB kúkúrú ni mo máa wá, tàbí GTX 1650 kúkúrú. Wáàtì 75 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n rí i pé èyí tó ò ń rà ò ní ẹnu 6-pin lórí, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi sí i. Púpọ̀ nínú àwọn tó kúrú sì nípọn. Ibẹ̀ ni ìwọ̀n tí Ìyá Ìbejì ní kó o wọ̀n ti máa wúlò. Tí àyè ò bá gba káàdì tó nípọn, wá Quadro P1000. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kúrú, wáàtì 47 ló ń jẹ, ó ní 4GB GDDR5, NVENC wà nínú rẹ̀. Èrò kì í jà lé e lórí bíi ti GTX torí pé àwọn tó ń gbá géèmù ò kà á sí. Inú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí wọ́n tú ni wọ́n ti máa ń yọ ọ́.

Ìyá_Ìbejì_Kọ̀ǹpútà

Kí Ayàwòrán tó sáré lọ o: irú mọ́nítọ̀ wo lẹ ní? P1000, ihò mini DisplayPort mẹ́rin ló ní, kò sí VGA, kò sí HDMI. 1050 Ti náà ò ní VGA. DVI tó wà lára rẹ̀ kì í gbé àwòrán VGA jáde, nítorí náà àyípadà olówó pọ́ọ́kú tí a máa ń fi sẹ́nu DVI yẹn ò ní ṣiṣẹ́. Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ VGA nìkan, bí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti rí, àyípadà tó ní ẹ̀rọ nínú lẹ máa rà, èyí tí wọ́n ń pè ní active. Ẹ kà á mọ́ owó káàdì.

Olóòtú_Fídíò

Ẹ má bínú, mo fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí gbogbo yín. Káàdì kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ráàmù 8GB! Àwọn tó ṣe Resolve fúnra wọn, 16GB ni wọ́n ní kéèyàn ní, 32GB tó bá máa lo Fusion, apá Resolve tí wọ́n fi ń dárà sí àwòrán. Àbúrò, ṣé SSD, dísíìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ló wà nínú mọ́ṣíìnì ẹ, àbí hard disk tó ń yí? Tó bá jẹ́ pé èyí tó ń yí ni, ibẹ̀ ni gbagidi tó ò ń sọ ti bẹ̀rẹ̀. SATA 6Gb/s wà lórí bọ́ọ̀dù 7010, SSD máa sáré níbẹ̀.

Prọ́sẹ́sọ̀ náà ṣeé pààrọ̀. i7-3770 ń jókòó lórí ihò LGA1155 kan náà, wáàtì 77 ni wọ́n jọ ní, ìlọ́po méjì iṣẹ́ ló lè mú dání lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun mìíràn wà tí mi ò fẹ́ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025, mọ́ṣíìnì ìran kẹta ò sì sí lára àwọn tí wọ́n gbà fún Windows 11. NVIDIA náà ti kéde pé October 2025 ni 1050 Ti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba dráífà kíkún kẹ́yìn, àtúnṣe ààbò nìkan ni wọn yóò máa rí títí di October 2028. Nítorí náà, má kó gbogbo owó ẹ lé orí OptiPlex yìí. Ra ohun tó o lè yọ lọ sínú òmíràn lọ́la. SSD ṣeé yọ, káàdì ṣeé yọ. Ráàmù DDR3 ni kò ní bá ẹ lọ síbì kankan, nítorí náà tòkunbọ̀ ni kó o rà níbẹ̀.

Tíṣà_Imota

Mo gbà pẹ̀lú Olóòtú lórí SSD. Lórí kí káàdì dúró, mi ò gbà. Orí káàdì ni Resolve ń gbé iṣẹ́ àwọ̀ àti àwòrán lé. HD 2500, gráfíìkì tó wà nínú i5 yẹn, ò lè gbé e, kódà kó o ki ráàmù kún gbogbo ihò. Ká ní CorelDRAW àti Photoshop nìkan ló ń ṣe ni, mi ò bá ní kó má ra káàdì rárá.

Ayọ̀_Ijede

Ẹ jọ̀ọ́, láàpútọ́ọ̀pù ni tèmi. Ṣé mo lè fi káàdì sí i?

Ẹlẹ́rọ_Ágíríìkì

Rárá, arákùnrin. Nínú ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù wọ́n jó o mọ́ bọ́ọ̀dù ni. Ráàmù àti SSD ni kẹ́ ẹ bá a wá.

Agbe_Odogunyan

HP Compaq 8200 ni mo ní. Mo fi káàdì tuntun sí i, fáànù ń yí, mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Mo yọ ọ́, ohun gbogbo padà. Kí ló fà á?

Ẹlẹ́rọ_Ágíríìkì

Ọdún 2011 ni mọ́ṣíìnì yín. BIOS tó bá ti pẹ́ lórí àwọn ọmọ ọdún yẹn lè má mọ bó ṣe máa bá káàdì tuntun sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń gbéra. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe ẹnu àtijọ́ ara bọ́ọ̀dù ni wáyà mọ́nítọ̀ ṣì wà, dípò ara káàdì. Tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ káàdì, kẹ́ ẹ gba BIOS tó kẹ́yìn fún 8200 láti ojú ewé HP, kẹ́ ẹ fi sí i, kẹ́ ẹ wá dá káàdì padà.

Ẹ má dáwọ́ lé BIOS lórí iná mànàmáná lásán o. Ẹ mọ bí iná wa ṣe ń ṣe. Tí iná bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó ń kọ BIOS, bọ́ọ̀dù lè kú pátápátá, kò sì ní gbéra mọ́. UPS tí bátìrì rẹ̀ ṣì lágbára, tàbí invata, ni kẹ́ ẹ fi ṣe é. Ẹ tún rántí pé UPS 650VA kì í ṣe wáàtì 650. Wáàtì tó lè gbé gan-an wà lára rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì máa ń dín ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Ayàwòrán_Sábọ̀

Mo ti ṣí i. Bọ́ọ̀dù 7010 ni lóòótọ́, Service Tag àti msinfo32 bára mu. Páwà páàkì, 240W ló kọ sí lára. Hard disk tó ń yí ni, Olóòtú, ẹ gba ẹ̀bùn. Àyè tó kọjú sí ihò búlúù kò tó fún káàdì tó nípọn, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́nítọ̀ mi ní DisplayPort lẹ́yìn, mi ò mọ̀ rí. P1000 ni mo fẹ́ wá, àti SSD. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé wọn ò fi ayédèrú fún mi?

Tíṣà_Imota

Ìbéèrè gidi. Àwọn kan ń mú káàdì àtijọ́ bíi GTS 450, wọ́n á tún BIOS rẹ̀ kọ kó máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti. Windows máa gbà á gbọ́. Gba GPU-Z, ètò tó ń sọ irú káàdì tó wà nínú kọ̀ǹpútà, sórí fíláṣì kó o tó kúrò nílé. Láti ẹ̀dà 2.12.0 ti October 2018 ló ti ń dá irú wọn mọ̀, ó máa kọ FAKE sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Ní kí wọ́n ki káàdì bọ kọ̀ǹpútà wọn níwájú ẹ. P1000 gbọ́dọ̀ fi GP107, orúkọ ṣípù rẹ̀, hàn, 4GB, GDDR5, àti 640 níbi tó kọ Shaders. Ẹni tó bá kọ̀ láti dán an wò níwájú ẹ, kí i, kó o máa lọ.

Ẹlẹ́rọ_Ágíríìkì

Tó o bá dé, yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kó o tẹ bọ́tìnnì páwà mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Fọwọ́ kan irin kéèsì kó o tó gbé káàdì, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Rí i pé irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn káàdì jẹ́ kúkúrú. Nígbà mìíràn èyí gígùn ni wọ́n máa fi fún ẹ, kò sì ní wọ kéèsì. Bèèrè èyí kúkúrú kó o tó sanwó.

Ayàwòrán_Sábọ̀

Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o. Mo lọ, mo sì bọ̀. Ẹni àkọ́kọ́ kọ̀ láti dán P1000 wò, mo kí i, mo lọ. Ẹnì kejì dán an wò: GP107, 640, 4GB. Irin gígùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, ó wá èyí kúkúrú fún mi nínú páálí kan. Mo ki í bọ ihò búlúù lálẹ́ àná. Mọ́nítọ̀ kọ́kọ́ dúdú, àyà mi já, ni mo bá rí i pé inú ihò àtijọ́ ni mo ki wáyà sí. Mo gbé e sí ara káàdì, ó tàn.

Fídíò ìgbéyàwó yẹn ti ń yí láì dúró báyìí, àfi tí mo bá fi àwọ̀ púpọ̀ lé e. Ráàmù ló kù. DDR3 ti dẹ́sítọ́ọ̀pù, 8GB ẹyọ kan tàbí 4GB méjì. Tí ẹnikẹ́ni bá ní in ní agbègbè Sábọ̀ tàbí Ágíríìkì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí, mo máa wá bá yín.

Ọmọ_Ẹ̀bútẹ́

Mo ní 4GB méjì tó kù lára mọ́ṣíìnì tí mo sọ yẹn. Kò jóná, mo ti dán wọn wò. Ẹ wá mú wọn.